Ilẹ̀kùn Omi Ẹ̀yìn Pápá

Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti gbé Roqeebah wá sí Ugbonla létí òkun láti wá máa kọ́ àwọn ọmọ. Kò pẹ́ tó dé tó fi béèrè ibi tí pápá ìṣeré wà, wọ́n sì mú un lọ wò ó. Òpó gòólù dúró níhìn-ín, òmíràn dúró lọ́hùn-ún, omi ló wà láàárín. Bí òjò bá rọ̀, ó di ọjọ́ gbọọrọ kí ilẹ̀ tó gbẹ. Orí afárá pákó ni àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ràn bọ́ọ̀lù ti ń gbá a, bọ́ọ̀lù a sì máa já sódò ṣáá.

Roqeebah kì í ṣe ẹni tí í káwọ́ gbera. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò jọ, wọ́n gbé ṣọ́bìrì, wọ́n gbẹ́ kòtò tóóró láti àárín pápá lọ sí etí odò. Ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà Moríkẹ́ ni kòtò náà gbà kọjá. Opó ni Moríkẹ́, ẹja yíyan ni iṣẹ́ rẹ̀, wọ́n sì mọ ẹja rẹ̀ dé Òde Mahin. Kò bá wọn jà. Ó ṣáà ní kí wọ́n má fọwọ́ kan ààrò òun.

Kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, omi ti ń ṣàn jáde, koríko ti yọrí. Inú gbogbo wọn dùn. Àmọ́ nígbà tí òkun kún nírọ̀lẹ́, odò náà kún, ó sì gba inú kòtò yẹn wọlé. Ó bo pápá ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ya wọ àtíbàbà Moríkẹ́, ó pa iná ààrò. Ẹja tó wà lórí rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa, ó sì bàjẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Roqeebah lọ bá a láàárọ̀, ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Odò ìlú tiwa kì í yíjú padà. Mi ò mọ̀ pé tibí ń ṣe bẹ́ẹ̀.”

Moríkẹ́ ń ṣa igi ìdáná tó ti léfòó káàkiri. “Dìde, Tíṣà. Àwọn ọmọ wa tó bá ọ gbẹ́ ẹ ńkọ́? Etí omi la bí wọn sí, kò sì sí èyí tó rántí. Bọ́ọ̀lù ti gbà yín lọ́kàn jù. Ẹ lọ dí i fún mi kí omi tó tún kún.”

Wọ́n dí i. Látìgbà náà, bí Roqeebah bá ti kúrò nílé ìwé, ọ̀dọ̀ Moríkẹ́ ló ń gbà lọ. Ó bá a sá igi, ó bá a yí ẹja. Ẹnu iṣẹ́ yìí ni wọ́n wà lọ́jọ́ kan tí Moríkẹ́ fi sọ pé, “Omi tó ń jáde ò ṣe mí ní nǹkan kan o. Èyí tó ń wọlé ni.”

Roqeebah ronú díẹ̀. “Tá a bá ṣe ilẹ̀kùn sí ẹnu kòtò náà ńkọ́, Màmá, èyí tó ń ṣí síta nìkan? Omi pápá á máa tì í ṣí. Bí odò bá fẹ́ wọlé, á tì í pa.”

Moríkẹ́ rẹ́rìn-ín. “Ta ni yóò kan ilẹ̀kùn fún omi?” Ó yí ẹja kan, ó tún yí òmíràn. “Kòkúmọ́ ni. Ẹni tó ń kan ọkọ̀ tí kì í jò. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun, ilẹ̀ àtíbàbà mi lẹ máa kọ́kọ́ fi yanrìn gbé ga.”

Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn. Wọ́n fi ọkọ̀ kó yanrìn láti ìsàlẹ̀ odò, wọ́n gbé ilẹ̀ Moríkẹ́ ga, lẹ́yìn náà ni wọ́n da ìyókù sí pápá, tí àárín rẹ̀ fi rí bí ìdí ọkọ̀ tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀. Wọ́n tún kòtò náà gbẹ́. Ilẹ̀kùn àkọ́kọ́ tí Kòkúmọ́ kàn sí ẹnu rẹ̀ wúwo jù, omi ò lè tì í. Ó tú u, ó lo pákó fẹ́lẹ́, ó sì fi awọ táyà so ó kọ́ kó lè máa ṣí wẹ́rẹ́. Nígbà tí odò kún, gbogbo wọn dúró tì í. Omi dé ẹnu ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn sì pa dé. Ìwọ̀nba ló jò wọlé. Nígbà tí odò fà, ó ṣí fúnra rẹ̀, omi òjò pupa sì ń ṣàn lọ.

“Ó gbọ́ràn ju ọkọ mi lọ,” Moríkẹ́ wí, ó sì padà sídìí iná rẹ̀.

Àwọn ọmọbìnrin ìlú Zion Pepe ló kọ́kọ́ wá bá wọn gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá náà. Òjò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, Roqeebah ò sì lè jẹun. Ṣùgbọ́n nígbà tí spídíbóòtù àwọn àlejò fi máa gúnlẹ̀ lọ́sàn-án, ilẹ̀ ti le. Wọ́n gbá a títí, Zion Pepe ló borí, kò sì sẹ́ni tó fajú ro. Moríkẹ́ gbé pupurú tí wọ́n fi ẹ̀gẹ́ ṣe àti ẹja jáde fún àwọn àlejò àti onílé. Àwọn ará Zion Pepe yí Kòkúmọ́ ká, wọ́n ń bẹ̀ ẹ́ kó wá kan irú ilẹ̀kùn yẹn fáwọn náà.

Roqeebah jókòó ti ààrò, ebi ń pa á gan-an báyìí. Moríkẹ́ mú èyí tó tóbi jù nínú ẹja náà, ó gbé e síwájú rẹ̀.