Ẹnu Wáyà, Etí Wáyà

Ohun tó ń ba Ọlákẹ́mi lẹ́rù jù láyé yìí kì í ṣe ejò, kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe iná mànàmáná tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe lójoojúmọ́. Ará Ìrágbìjí ni. Ẹ̀yin ará Ìrágbìjí, ẹ má bínú o, ìlú yín dára, òkè yín rẹwà. Ṣùgbọ́n bí obìnrin yìí bá wà nínú ọkọ̀ ní Àjáh, tó gbọ́ tí ẹnì kan lẹ́yìn ní òun ń lọ ṣọdún nílé ní Ìrágbìjí, kíá ló máa sọ̀ kalẹ̀, ì báà má tíì dé ibi tó ń lọ.

Ọkọ rẹ̀ ló fà á. Ọdúnjọ lorúkọ ọkọ, ọmọ Ìrágbìjí ni, oníṣẹ́ wáyà bíi tirẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ ni wọ́n ti pàdé, ẹgbẹ́ ni wọ́n pe ara wọn nígbà náà, títí dòní wọn kì í fi "ẹ̀yin" bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Kì í mutí, kì í ṣe ìṣekúṣe, ohun tí ìyàwó bá sè ló ń jẹ, á tún fọ abọ́. Àléébù rẹ̀ kò ju pé kò jẹ́ kí wọ́n ya òun ní fọ́tò, kò sì jẹ́ lọ sílé. Nígbà ìgbéyàwó wọn, ẹbí ìyàwó kún ilé dẹ́nu ọ̀nà, ẹyọ ẹnì kan kò ti ọ̀dọ̀ ọkọ wá. "Kẹ́mi, ojú ilé ń bà mí lẹ́rù," ohun tó sọ nìyẹn, ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má bi òun mọ́.

Ọlákẹ́mi kò bi í mọ́. Ẹlòmíràn ló lọ bi. Ìyá kan wà tó ń ránṣọ ní Badore, ọmọ Ìrágbìjí ni. Ó dọ́gbọ́n béèrè ìdílé ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá náà. Ìyá yìí káwọ́ lérí. "Háà, àwọn yẹn? Ọmọ wọn tó ń ṣiṣẹ́ wáyà, orí òpó ni iná ti gbé e. Ọdúnjọ, ọmọ dáadáa. Gbogbo ìlú ló sunkún ẹ̀." Ọlákẹ́mi ní ẹ kú ìrántí, ó gba aṣọ rẹ̀, ó lọ sílé. Ọdúnjọ wà ní kíṣìnì, ó ń rẹ́ ilá. Ìyàwó fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn náà gbóná bí ẹ̀yìn ẹnikẹ́ni. Ó bú sẹ́kún. Ọdúnjọ bi í pé kí ló dé, ó ní orí ló ń fọ́ òun.

Gbogbo wa la mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àkúdàáyà. Ẹni tó kú ní ìlú kan, tó lọ jókòó sí ìlú mìíràn, tó ń ṣiṣẹ́, tó ń fẹ́yàwó, tó ń rẹ́ ilá, títí di ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ nípa ikú rẹ̀ bá fojú kàn án. Ọjọ́ náà ló máa lọ, kò sì ní padà. Ọlákẹ́mi pinnu pé lójú òun, ọjọ́ náà kò ní dé. Kò sọ fún Ọdúnjọ pé òun mọ̀, torí ẹ̀rù ń bà á pé ọ̀rọ̀ náà gan-an lè lé e lọ. Ẹ ní orí rẹ̀ dàrú? Ẹ̀yin náà ẹ fẹ́ràn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ná, ká wá wò ó.

Iṣẹ́ tó délẹ̀ wàyí, ẹ́sítéètì tuntun kan ni, lẹ́yìn Lakowe. Táǹkì omi wọn wà létí ọ̀sà, ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣọ́ ọ wà nídìí géètì, àárín méjèèjì sì jìn. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì gbọ́dọ̀ máa mọ bí omi ṣe tó nínú táǹkì, ṣùgbọ́n wáyà lásán kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà dé, ọ̀rọ̀ á ti rẹ̀ lọ́nà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi módẹ̀mù kékeré kan sí ìpẹ̀kun kan, òmíràn sí ìkejì, kí àwọn méjèèjì máa ti ọ̀rọ̀ síra wọn nínú wáyà tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Kò gba íńtánẹ́ẹ̀tì, kò gba síìmù. Wáyà kan wà fún ẹnu, ọ̀kan wà fún etí. Ẹnu ti ọ̀hún gbọ́dọ̀ bọ́ sí etí ti ìhín. Bí ẹnu bá lọ pàdé ẹnu, tí etí lọ pàdé etí, kálukú kàn ń pariwo fún ara rẹ̀ ni.

Ọlákẹ́mi mú ọ́fíìsì, ó fi ọkọ rẹ̀ sí ilé pọ́ǹpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táǹkì létí ọ̀sà, pẹ̀lú kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n lè fi tẹ ọ̀rọ̀ síra wọn láti dán wáyà wò. Bó ṣe máa ń ṣe é nìyẹn níbi gbogbo: ibi tí èrò wà, tirẹ̀, ibi tó dá páro, ti Ọdúnjọ. Àwọn apẹja nìkan ló ń kọjá lọ́hùn-ún, ọmọ ibẹ̀ ni wọ́n, wọn kò mọ ọ̀nà Ìrágbìjí. Fóònù kì í ṣiṣẹ́ nínú ilé pọ́ǹpù náà, kọnkéré rẹ̀ ti nípọn jù.

Ọyẹ́ mú láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Ó funfun bo gbogbo ilẹ̀, ilé tí wọn kò tíì kọ́ tán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà kò ní òrùlé mọ́ lójú ẹni. Ọdúnjọ gbé àpò iṣẹ́ kọ́ èjìká, ó juwọ́ sí i, ó ń lọ. Ọlákẹ́mi dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wò ó títí ọyẹ́ fi gbà á. Orí rẹ̀ wú láìnídìí. Ó ní òtútù ni.

Nígbà tó so wáyà tirẹ̀ tán, ó tan módẹ̀mù. Iná pupa tàn. Iná àwọ̀ ewé, èyí tó ń sọ pé ìpẹ̀kun kejì ń dáhùn, kò tàn. "Ẹnu ti pàdé ẹnu nìyẹn," ló wí, ó ń wá tẹ́sítà rẹ̀ kó lè tú wáyà náà pààrọ̀. Ibẹ̀ ló wà tí ọkùnrin kan fi wọlé pẹ̀lú hẹ́límẹ́ẹ̀tì lórí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògúnkúnlé ni mí, fọ́ọ̀mánù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá." Ó kí Ọlákẹ́mi, ó kí Hameedah, akọ̀wé ọ́fíìsì tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ẹ̀yìn páńẹ́ẹ̀lì tí wọ́n so módẹ̀mù mọ́ bí àwọn ọ̀gá ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí ìdì wáyà kan.

Ọdúnjọ ló di wáyà wọ̀nyẹn lánàá, nígbà tí kò tíì sí èrò ní ọ́fíìsì àfi Hameedah. Òun kì í lo rọ́bà tí gbogbo ayé ń lò. Okùn ló fi ń dì í, á lọ́ ọ, á tún un lọ́, á wá ki etí okùn sábẹ́ bí ẹni tó ń wé gèlè.

"Ta ló di èyí?" ni Ògúnkúnlé béèrè.

"Ẹnì kejì mi ni, sà."

"Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ nìkan ni mo mọ̀ tó ń dì í báyìí. Ní Ìrágbìjí. Èmi àti ọmọ kan la jọ kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn. Kí lorúkọ ẹnì kejì yín?"

Ẹ wo ohun tí Ọlákẹ́mi ti ń sá fún láti ọjọ́ yìí, ó wọ hẹ́límẹ́ẹ̀tì wá bá a. "Dúrójayé," ló wí.

Hameedah fẹ́ràn kó máa ranni lọ́wọ́. Ọlọ́run má jẹ́ ká rí irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Àǹtí, ṣé ẹ ti gbàgbé ni? Brọ̀dá Ọdúnjọ ló dì í. Ojú mi ló ṣe."

Ògúnkúnlé rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì já lẹ́nu rẹ̀. "Ọdúnjọ kẹ̀? Ọdúnjọ témi mọ̀, iná gbé e lórí òpó. Èmi ni mo di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú nígbà tí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀." Ó tún ìdì náà wò. "Níbo ló wà?"

"Ó ti lọ sílé," ni Ọlákẹ́mi sọ.

"Ó wà nílé pọ́ǹpù," ni Hameedah sọ, ohùn àwọn méjèèjì jáde pọ̀.

"Ẹ jẹ́ n lọ fojú kàn án." Kò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, kò gbọ́ ẹ dúró ná. Ó bọ́ síta, ó ta ẹsẹ̀ lu ọ̀kadà, ọyẹ́ sì gba òun náà.

Ẹsẹ̀ obìnrin kò lè bá ọ̀kadà díje. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ọ̀hún, iyanrìn ni, ọyẹ́ kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sáré. Wáyà nìkan ló lè ṣáájú ọkùnrin náà débẹ̀. Ọlákẹ́mi fò mọ́ módẹ̀mù. Ó tú ẹnu, ó tú etí, ó ń pààrọ̀ wọn, ó ń bú wáyà, ó ń bú Hameedah, ó ń bẹ Ọlọ́run, gbogbo rẹ̀ nínú èémí kan náà. "Ẹ má gba ọkọ mi. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní ẹlòmíì." Ó fún wáyà ìkẹyìn mọ́lẹ̀. Iná àwọ̀ ewé tàn.

Ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lójú kọ̀ǹpútà, lẹ́tà kan tẹ̀lé òmíràn, bí ẹni pé ó ti ń tẹ̀ ẹ́ láti àárọ̀ tí kò rẹ́ni gbọ́.

KEMI

KEMI SE O N GBO MI

KEMI IBI YII TUTU

Kí ni Ọlákẹ́mi yóò kọ? Bó bá kọ ọ́ pé ẹni tó mọ̀ nípa ikú rẹ ló ń bọ̀, òun fúnra rẹ̀ ti lé e lọ nìyẹn. Lọ́kàn rẹ̀, ó ń kígbe pé: Máa lọ! Gba etí omi, wọ inú oko, wọ igbó, máa lọ títí n ó fi wá ẹ rí! Àyè ìkígbe kò sí nínú wáyà. Ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ yẹn kò mọ̀ ju lẹ́tà ńláńlá lọ, kò mọ àmì orí lẹ́tà, kò mọ àmì ìdí rẹ̀. Ó sáré tẹ̀ ẹ́ bí gbogbo wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù:

MA LO. ENI KAN N BO.

Ó ránṣẹ́ náà lọ. Iná àwọ̀ ewé ṣẹ́jú. Èsì dé wéré.

O DAA. MI O LO. MO N DURO DE E.

Ọlákẹ́mi kà á. Ó tún un kà. Lẹ́yìn náà ló wá wo ohun tí òun fúnra rẹ̀ kọ, ó sì rí i bí ọkọ rẹ̀ ṣe rí i. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni "máa lọ." Ohun tí Ọdúnjọ kà ni "má lọ." Yéè! Ìwọ obìnrin yìí, bó o bá ti kọ "sá" lásán ńkọ́!

RARA, ló tẹ̀. SA. ODUNJO SA. Kò sí èsì. Ọkùnrin tí wọ́n ní kó dúró de àlejò ti lọ sẹ́nu ọ̀nà pàdé àlejò.

Ó sáré jáde láìwọ bàtà. Ọyẹ́ wọ̀ ọ́ lójú, ó wọ̀ ọ́ lọ́fun. Ó ń gbọ́ ìró ọ̀kadà níwájú, ó ń tẹ̀lé e. Lẹ́yìn náà, ìró náà dúró. Ohun gbogbo dúró. Kò gbọ́ ẹyẹ, kò gbọ́ apẹja, omi ọ̀sà pàápàá kò lu etí. Ó ń pe orúkọ ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń sáré, ohùn rẹ̀ kò sì jọ ohùn rẹ̀ létí ara rẹ̀.

Ọ̀kadà ló kọ́kọ́ rí, ó dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn. Ògúnkúnlé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbé hẹ́límẹ́ẹ̀tì sórí itan, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ilẹ̀kùn ilé pọ́ǹpù ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bàtà Ọdúnjọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀tún lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, wọ́n kọjú síta, okùn wọn sì wà ní dídì bó ṣe dì í láàárọ̀.

Ọlákẹ́mi wọlé. Inú ilé náà tutù ju ìta lọ. Módẹ̀mù ń tàn bó ṣe yẹ, wáyà wà ní dídì pẹ̀lú okùn, kò sí àṣìṣe kankan lẹ́nu iṣẹ́ náà. Lójú kọ̀ǹpútà, MA LO wà lókè, SA wà nísàlẹ̀, ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ sí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó jáde, ó kúnlẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú bàtà ọkọ rẹ̀. Ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́.

"Ó jáde wá pàdé mi," ni Ògúnkúnlé ń wí, kò wojú rẹ̀. "Ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, 'Ẹ káàbọ̀ sà, wọ́n ní ẹnì kan ń bọ̀, mo ti ń dúró.' Mo ní, 'Ọdúnjọ, ṣé ìwọ kọ́ la sin ni?' Màdáámù, mi ò mọ̀ọ́mọ̀. Ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu mi ni. Ó wò mí lójú. Ó ní, 'Háà, ẹ̀gbọ́n Ògúnkúnlé.' Ìgbà tí mo máa ṣẹ́jú, ọyẹ́ nìkan ni mo rí."

Ọlákẹ́mi gbá bàtà náà mọ́ àyà.

Ògúnkúnlé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú. "Àwọn àgbà ilé wa ní irú wọn kì í jẹ́ kí ará ilé bá wọn. Wọ́n á ti gbọ́ òórùn èèyàn lókèèrè, wọ́n á ti sá. Kí ló dé tí èyí ò sá? Ta ló ní kó dúró dè mí?"

"Èmi ni," ni Ọlákẹ́mi sọ.