Òkúta Ẹ̀yìn Táyà

Ẹni tó bá ní ìjókòó lásán ni iṣẹ́ awakọ̀ àjàgbé, kó wá fi ìdí ara rẹ̀ jókòó síbẹ̀ lọ́jọ́ tí òjò bá ṣú lórí òkè alámọ̀.

Fọkànbalẹ̀ ni wọ́n ń pe awakọ̀ tí mò ń sọ yìí, torí ohun tó kọ síwájú ọkọ̀ rẹ̀ nìyẹn. Irọ́ gbuu! Ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti mọ sítíárì í dì mú. Lọ́jọ́ náà, ìyá ìyàwó rẹ̀ ló jókòó tì í, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò sì sinmi. Síméǹtì ló kún ẹ̀yìn wọn. Àbíkẹ́yìn obìnrin náà, tóun náà ń wa àjàgbé, ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú ẹrù tirẹ̀.

Ní kọ́nà tó wà nísàlẹ̀ òkè, omi rédíétọ̀ hó. Bíréèkì ọwọ́ ọkọ̀ náà ti kú tipẹ́. Bí Fọkànbalẹ̀ bá ti dúró níbi tó jẹ́ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, òkúta ló ń tì sẹ́yìn táyà. Ó wá ọ̀kan tó tóbi tó ìkòkò ọbẹ̀, ó fi ti táyà, ó ń bu omi sí rédíétọ̀. Kùrukùru ń sọ̀ kalẹ̀, ojú ọ̀run dúdú bí aró.

“Ọkọ ọmọ mi, ṣé o fẹ́ fomi yẹn wẹ̀ ni? Òjò ń bọ̀!”

“Màmá, èmi náà ti ń bọ̀.”

“Kó o tó dé, òjò á ti bímọ, ọmọ á ti máa rìn!”

Fọkànbalẹ̀ fò wọ ọkọ̀, ó fi í sí jíà, wọ́n gbéra.

Wọ́n ti gun òkè náà dé ìdajì kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un. Ó wo dígí. Ó tún un wò. Ó yọrí síta, òjò gbá a lójú, ó fa orí wọlé.

“Kí ló dé tó ò ń yí bí ẹni tó jókòó lé ìjàlọ?”

Ohun tí ọkàn rẹ̀ ń wá ti dé: òkúta! Ó ti fi òkúta sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Kò sóhun tí àwọn awakọ̀ ń torí ẹ̀ ṣépè fúnra wọn tó bẹ́ẹ̀, òun alára sì ti ṣépè náà fún àìmọye èèyàn. Èpè ń bọ̀ wálé. Kọ́nà yẹn, kùrukùru yẹn, ọ̀gbun lápá ọ̀tún. Ọmọ ẹni tó jókòó tì í ló sì ń bọ̀.

Ó fẹ́ purọ́. Kí ni yóò sọ? Pé ìtọ̀ ń gbọ̀n òun? Ó gbé fóònù, kò sí nẹ́tíwọ̀kì.

“Màmá, mo gbàgbé òkúta sí kọ́nà.”

“Òkúta wo?” Obìnrin náà wo ẹ̀yìn. Ó rántí ọmọ rẹ̀ tó ń bọ̀. “Dúró!”

Fọkànbalẹ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Bó ṣe nawọ́ sílẹ̀kùn tó dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ fà sẹ́yìn. Ó sáré tẹ̀ ẹ́ padà. Jíà nìkan ò lè di ẹrù yẹn mú lórí amọ̀ tútù, ohun tí ì bá fi ti táyà sì wà ní kọ́nà.

“O ò lè sọ̀ kalẹ̀.”

“Mi ò lè sọ̀ kalẹ̀, mà.”

“O káre láéláé.” Ó tú ìborí pupa orí rẹ̀, ó ká ìró dé orúnkún. “Wọ́n ní àgbà tó ń sáré, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Tèmi, méjèèjì ni. Má gbé ẹsẹ̀ yẹn o! Bó o bá gbé e, èmi lo máa kọ́kọ́ tẹ̀.”

Ó bẹ́ sílẹ̀, ó sáré padà sí ọ̀nà kọ́nà, kùrukùru gbé e mì.

Ẹ wo ẹni tí kì í lè jókòó jẹ́ẹ́, tí wọ́n wá fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo kàn mọ́lẹ̀! Iṣan ń fà á. Bó bá mí, ó ń rò pé ọkọ̀ ti yẹ̀. Òjò ń lu òrùlé bí ẹni ń da èkùrọ́ sí páànù. Ó gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì nísàlẹ̀. Fèrè ké, ó gùn, ó já.

Lẹ́yìn náà, kò gbọ́ nǹkan kan.

“Màmá!”

Òjò ló dá a lóhùn. Kí ni yóò sọ fún ìyàwó rẹ̀? Bó bá béèrè pé ìyá òun ńkọ́? Pé àbúrò òun ńkọ́? Omi ń jábọ́ ní àgbọ̀n rẹ̀, kì í sì í ṣe òjò.

Ìgbà tí iná méjì yọ nínú dígí, kò gbà á gbọ́. Àjàgbé kejì rápálá wá, ó dúró. Nǹkan dún gbì lẹ́yìn táyà.

“Mo ti fi òkúta rẹ tì í o! Gbé ẹsẹ̀ ẹ!” ni Màmá ké láti ẹ̀yìn.

Ẹsẹ̀ kọ̀. Àbíkẹ́yìn ló ṣílẹ̀kùn, tó fọwọ́ méjèèjì gbé e kúrò lórí bíréèkì bí ẹni gbé ẹsẹ̀ ẹlòmíràn.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ewu.”

“Ìwọ ló yẹ kí n kí kú ewu,” ni Fọkànbalẹ̀ wí, kò sì lè wò ó lójú.

Ìyá Àbíkẹ́yìn dé, ẹrẹ̀ mù ún dé itan. “Táyà ọmọ mi ti fẹ́ fẹnu ko òkúta kó tó rí ìborí mi. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún ẹ, ọkọ ọmọ mi, ṣùgbọ́n òkè ṣì kù níwájú.”

Obìnrin náà padà wọ ọkọ̀. Bí ọkọ̀ ti sún síwájú, Àbíkẹ́yìn gbé òkúta náà, ó nà án lójú fèrèsé. Obìnrin náà gbà á, ó ti báàgì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbé òkúta lé itan pẹ̀lú ẹrẹ̀ ara rẹ̀.

“Wakọ̀,” ló ní.

Ó ń wà á. Ojú rẹ̀ kan wà lọ́nà, ọ̀kan wà lára òkúta.