Ọkọ̀ Tó Kúnlẹ̀ De Ìyá

Bí ẹ bá rí obìnrin kan tó ń fi bírò pupa to àmì ohùn sórí ìwé ìpolówó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ má wulẹ̀ béèrè ẹni tó jẹ́. Aránṣọ inú ìtàn yìí ni. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún kó tó mọ̀wé kọ, nílé ẹ̀kọ́ àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti mọ̀ ọ́n, kò jẹ́ kí ìwé sinmi mọ́. Bí ọkọ rẹ̀ bá fi ìwé sílẹ̀ pé òun lọ sọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ìwé náà á ti pọ́n kí onítọ̀hún tó fárí tán. Ìyá Àmì ni ọkọ náà ń pè é. Yẹ̀yẹ́ ni ọkọ rò pé òun ń ṣe, àmọ́ oyè ni lójú aya.

Ní àkókò tí à ń wí yìí, ìyá rẹ̀ wà ní ọsibítù. Màmá ṣubú nínú balùwẹ̀, egungun ìgbáròkó rẹ̀ ṣẹ́, wọ́n sì fi irin tuntun rọ́pò rẹ̀. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀: ọjọ́ wo ni mò ń lọ ilé? Nígbà tó yá, ọkùnrin tó ń kọ́ ọ ní ìrìn dá ọjọ́ Ẹtì. Ó já ewé ìwé kan, ó sáré kọ nǹkan sí i, ó nà án sí aránṣọ, ó sì kọrí sọ́dọ̀ aláìsàn mìíràn.

Ohun tó kọ rèé: "Ijoko oko ti yoo gbe mama, ko ga to orunkun won."

Kò sí àmì kan, bó ti wù kó mọ, lórí gbogbo rẹ̀. Aránṣọ gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, àánú ọmọkùnrin náà ṣe é. Ẹni tó kàwé débi tó fi ń kọ́ àgbàlagbà ní ìrìn, kò mọ dò yàtọ̀ sí mí. Ó mú bírò pupa, ó to àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan "ko", ó fi dò sí i, ó di "kò". Ó wá kà á sókè. Gbólóhùn náà ń tiro díẹ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan já bọ́ nínú rẹ̀. Kíá ló mọ ọ̀rọ̀ tó bọ́. Ó há "gbọdọ̀" sáàárín, ó tún un kà: "Ìjókòó ọkọ̀ tí yóò gbé màmá, kò gbọdọ̀ ga tó orúnkún wọn."

Ó dún geere báyìí. Ó sì bá ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ mu, torí ọjọ́ pẹ́ tí ìyá rẹ̀ ti ń ráhùn pé gígun ọkọ̀ wọn dà bíi gígun àjà.

Ó mú téèpù. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún ìyá rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì mẹ́tàdínlógún àti ààbọ̀. Ó ti rán síkẹ́ẹ̀tì fún un tó láti mọ ìyẹn lórí. Ó wọn ìjókòó ọkọ̀, ó bá a ní mọ́kàndínlógún.

"Ṣé o ti bi ọkùnrin yẹn?" ọkọ rẹ̀ béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Kí ni kí n bi í? Ṣé mi ò mọ̀wé kà ni?"

Ọ̀rọ̀ tó máa wù ú láti gbé mì padà nìyẹn, àmọ́ a kò tíì débẹ̀.

Mẹkáníìkì wọn wà lábẹ́ ọkọ̀ kan nígbà tó dé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kọ́kọ́ dá a lóhùn.

"Mọ́mì, ẹ káàbọ̀. Kí ló ṣe é?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ó ga jù ni. Mo fẹ́ kó wálẹ̀ ní ínǹṣì méjì."

Mẹkáníìkì yọ sí ìta. "Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọkọ̀ sáré ló máa ń béèrè irú ẹ̀. Ṣé ẹ fẹ́ bá wọn díje ni?"

"Ìyá mi ni mo fẹ́ fi gbé."

"Màmá yín ń sáré?"

"Ìwọ ṣáà ṣe é."

"Mo máa ṣe é. Sípíríǹgì kúkúrú wà, màá yọ tiyín, màá fi ìyẹn sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe bí ẹ ṣe ń ká etí ṣòkòtò o. Ó le. Kòtò tí ẹ kì í rí tẹ́lẹ̀, ẹ máa dá a mọ̀ bí ojúlùmọ̀."

Ó ṣe é. Nígbà tó fẹ́ ju sípíríǹgì mẹ́rin àtijọ́ sórí òkìtì irin, aránṣọ dá a dúró. Òun kì í da àjákù nù. Ó fi gèlè àlòkù wé wọn, ó kó wọn sínú búùtù.

"Mọ́mì, irin ni o, kì í ṣe aṣọ."

"Mo mọ̀."

Ká sọ òótọ́, ọkọ̀ náà wuyì. Ó rí òjìji ara rẹ̀ nínú gíláàsì ilé ìtajà kan bó ti ń kọjá, ó sì dín eré kù kó lè wò ó dáadáa. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ní oríta gbọ́wọ́ sókè kí i. Ó gbọ́wọ́ sókè dá wọn lóhùn, obìnrin tó ní ọmọ-ọmọ mẹ́ta. Ibi tó ti ń yangàn lójú wọn ló ti gun gegele tí wọ́n mọ sójú títì láti dín eré ọkọ̀ kù. Abẹ́ ọkọ̀ ha á láti orí dé ìdí, bí ìgbà tí èèyàn bá ń ha ìsàlẹ̀ ìkòkò, àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà sì yíjú sí ibòmíràn.

Ọkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wo ọkọ̀ náà lẹ́nu géètì.

"Ìyá Àmì, ọkọ̀ wa ti mọ ẹ̀kọ́ ilé. Ó ń kúnlẹ̀ kí èèyàn." Ó wọ inú ọkọ̀, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. "Ṣé mo jókòó ni, àbí mo lóṣòó?"

"Wọn ò ṣe é nítorí yín."

Lọ́jọ́ Ẹtì, Màmá ti wà nínú kẹ̀kẹ́ aláìsàn láti òwúrọ̀ kùtù, ó ti wọ bàtà, báàgì rẹ̀ sì wà lórí itan. Ó ti dágbére fún gbogbo yàrá ìtọ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Olùkọ́ ìrìn tì í jáde síta, ó rí ọkọ̀, ó dúró.

"Ọkọ̀ wo la fẹ́ lò, mà?"

"Òun nìyí," aránṣọ wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mo tẹ̀lé ìwé yín láìyẹsẹ̀."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ tẹ ìjókòó, ó mi orí. "Kò ṣeé ṣe. Bí màmá bá jókòó síbí, orúnkún wọn á ga ju ìbàdí lọ. Egungun tuntun yẹn lè yẹ̀. Mo sì kọ ọ́ fún yín."

Aránṣọ yọ ìwé náà nínú báàgì. Inú rẹ̀ tiẹ̀ dùn pé ẹ̀rí wà. Ọkùnrin náà kà á, ó tún un kà.

"Ta ló kọ 'gbọdọ̀' síbí?"

"Ẹ gbàgbé rẹ̀ ni. Mo bá yín fi sí i."

"Mi ò gbàgbé nǹkan kan, mà. 'Kó' ni mo kọ. Kó ga tó orúnkún wọn."

"Ẹ ò fi àmì sí i."

"Ẹ̀yin fi sí i. Òdì rẹ̀ lẹ fi sí i."

Aránṣọ wo ìwé náà. Ilà pupa kan, tí kò gùn ju irun ìpéǹpéjú lọ, tó yẹ kó tẹ̀ sí ọ̀tún, ló tẹ̀ sí òsì. Torí rẹ̀ ni ó ṣe já ọkọ̀ ilé wálẹ̀.

"Ṣé mi ò lọ mọ́?" Màmá béèrè. Kò pariwo. Ó kàn di ọwọ́ báàgì rẹ̀ mú ṣinṣin.

Ọkùnrin náà ṣàlàyé pé ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé ìtúsílẹ̀ máa ń lọ ní aago márùn-ún. Bí wọn ò bá ti lọ nígbà yẹn, ó di ọjọ́ Ajé.

Ìyá yìí, tí kò mọ "a" yàtọ̀ sí "b", ló ń bá a jókòó ti ṣọ́ọ̀bù ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tó fi ń lọ kàwé. Aránṣọ fẹ́ sọ pé ẹni tó kọ ìwé láìfi àmì sí i ló jẹ̀bi. Ó ti la ẹnu. Ó wá rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ lára báàgì yẹn.

"Èmi ni mo ṣì í kà, Màmá. Ẹ dúró dè mí. Ẹ máa lọ lónìí."

Gbólóhùn náà wúwo lẹ́nu rẹ̀ ju sípíríǹgì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ.

Ó rọra gun gegele méjèèjì tó wà lọ́nà, gegele méjèèjì sì bá a wí. Mẹkáníìkì rí i, ó nu ọwọ́.

"Mọ́mì, ṣé eré ìje ti parí?"

"Mo gbé ipò ìkẹyìn. Jọ̀ọ́, dá àtijọ́ padà kí aago mẹ́rin tó lù."

Ó sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti ògiri, kó tó ṣí búùtù, tó rí sípíríǹgì mẹ́rin nínú gèlè. Ẹ̀rín náà rọlẹ̀. "Ká ní mo ti jù wọ́n nù ńkọ́?" ó wí, ó sì fa jáàkì. Aránṣọ jókòó lórí táyà, ó ń na nọ́ọ̀tì táyà sí i lọ́kọ̀ọ̀kan.

Aago mẹ́rin kọjá díẹ̀ nígbà tó padà dé. Màmá kò kúrò níbi tó fi í sí. Ó ní òun ti dágbére, òun ò ní padà lọ kí wọn. Aránṣọ fi téèpù sí ìjókòó: mọ́kàndínlógún. Olùkọ́ ìrìn ní kí Màmá fi ìdí wọlé ṣáájú, kó wá rọra yí ẹsẹ̀ méjèèjì. Màmá jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Ọkọ̀ yín yìí ga o," ó wí.

Aránṣọ rọra pa ilẹ̀kùn dé.

Olùkọ́ ìrìn na ìwé mìíràn sí i, eré ìdárayá tí Màmá yóò máa ṣe nílé. Àmì ò sí lórí ìyẹn náà. Aránṣọ ò jẹ́ kó lọ. Ó kà á sí i létí láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń bi í léèrè ní gbogbo ibi tí "ko" wà, bóyá kó ni, àbí kò.

"Bírò pupa yẹn dà?" ìyá rẹ̀ béèrè nígbà tí ọkọ̀ gbéra.

"Ó wà ní búùtù, Màmá, nínú gèlè. Mo dì í pọ̀ mọ́ àwọn sípíríǹgì kúkúrú."