Fèrè Tí A Kò Fọn fún Táhírù

Nígbà tí Bàbá Táhírù rí i pé òun ti ń lọ sópin ayé, kò bẹ Ọlọ́run lówó, kò sì bẹ̀ ẹ́ lẹ́mìí gígùn. Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́: kí wọ́n fọn fèrè sójà fún òun lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé òun lọ sí ibojì. Gbogbo àwa tí a jọ ń gbé inú agboolé náà ní Moshie Zongo, ní Kumasi níbí, la mọ̀. Bí a bá ń jẹun, á sọ ọ́. Bí a bá ń jà, á ní òun fẹ́ là wá, á sì tibẹ̀ bọ́ sórí fèrè. Ó ti sú Sàwúdátù ọmọ rẹ̀. Kò sú èmi Ojúọlápé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nǹkan kì í pẹ́ sú mi, nítorí mo mọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà.

Kumasi ni wọ́n bí i sí. Bàbá rẹ̀ ló ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá ṣòwò aṣọ. Òun ò mọ Ògbómọ̀ṣọ́ ju orúkọ lọ. Nígbà tí ogun Hítílà dé, ó wọ iṣẹ́ sójà pẹ̀lú àwọn ọmọ Gold Coast yòókù, wọ́n kó wọn sínú ọkọ̀ ojú omi, ó di Bọ́mà. Ibẹ̀ ni òun àti Kwaku ti di ọ̀rẹ́. Ọmọ Ashanti ni Kwaku, ará Krofrom níbí, òun ló sì ń fọn fèrè fún ẹgbẹ́ wọn. Bí sójà bá kú, tí ìbọn bá dákẹ́ díẹ̀, Kwaku á dúró létí kòtò á fọn fèrè, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tó da yẹ̀pẹ̀ bò ó. Bàbá Táhírù máa ń sọ pé nínú igbó yẹn, níbi tí òjò kì í ti í dá, tí eṣúṣú ń mu wọ́n lẹ́jẹ̀ láti ẹsẹ̀ dé abíyá, fèrè yẹn nìkan ló ń rán wọn létí pé èèyàn làwọn. Sójà tí wọn kò bá ráyè fọn fèrè fún, lójú tirẹ̀, bí ẹni tí kò wá sógun rárá ni.

Ó ti ogun dé, ó ń rán tìmùtìmù tà, ó fẹ́yàwó, ó bí Sàwúdátù. Nígbà tó di 1969, ìjọba Ghana ní kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé kó ẹrù wọn kúrò nílùú. Bàbá Táhírù kó àwọn àmì ẹ̀yẹ ogun rẹ̀ dání, ó lọ bá wọn ní ọ́fíìsì. Ó rò pé bí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á ní kó máa lọ sílé rẹ̀. Wọ́n bi í pé ọmọ ibo ni bàbá rẹ̀, ó dáhùn, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ní bodè, ọkùnrin kan gba àwọn àmì ẹ̀yẹ náà lọ́wọ́ rẹ̀, kò dá wọn padà. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọmọdé ń fi Yorùbá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń pè é ní ará Ghana. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó dọ́gbọ́n padà wá bá wa.

Láti ìgbà yẹn, bí oṣù kọkànlá bá dé, tí wọ́n ń ṣe ìrántí àwọn tó lọ sógun, Bàbá Táhírù á wọ aṣọ rẹ̀ tó dáa jù, á lọ. Àwọn tó dúró lẹ́nu ọ̀nà á ní àwọn kò mọ̀ ọ́n, kó lọ dúró lẹ́yìn okùn pẹ̀lú àwọn tó wá wòran. Ó lọ títí, ojú tì í, kò lọ mọ́. Nínú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ wà ní Bọ́mà, Kwaku nìkan ló ṣẹ́ kù nílùú yìí tó lè jẹ́rìí pé sójà Kumasi ni Táhírù, fèrè yẹn ló sì máa fi jẹ́rìí náà. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ fèrè lásán?

Lèmọ́mù wa kò kọ́kọ́ fẹ́ gbọ́ ọ sétí. Ó ní kí ló kan fèrè nínú ìsìnkú Mùsùlùmí. Bàbá Táhírù ò bá a jà o. Ó kàn ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà mọ́sálásí lẹ́yìn gbogbo ìrun, ó ń wò ó, títí ojú fi ń ti Lèmọ́mù láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Níkẹyìn ó gbà: kí Kwaku dúró sẹ́yìn géètì ibojì, níta pátápátá, kó fọn ọ́n nígbà tí wọ́n bá ń gbé òkú wọ kòtò. Lọ́jọ́ yẹn Bàbá Táhírù rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Kwaku náà múra. Eyín iwájú rẹ̀ ti yọ tán, èèyàn ò sì lè fi èrìgì fọn fèrè, ló bá lọ ṣe eyín àtọwọ́dá. Kì í fi jẹun, kì í fi rẹ́rìn-ín. Bí Bertha, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé, bá ní kó fi sẹ́nu, á ní eyín Táhírù ni.

Ìgbà ọyẹ́ ni Bàbá Táhírù kú, ní 1991, lẹ́yìn ìrun Àsùbáà. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu Sàwúdátù ni pé, "Ẹ bá mi pe Bàbá Kwaku." Mo ti wé gèlè tán, mo ti dé ẹnu ọ̀nà, ni Alhaji Bákàrè ní kí n padà.

Alhaji Bákàrè ni olórí àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ ní Kumasi, òun ló sì máa ń túfọ̀ fún gbogbo wa. Láti ìgbà tí ìyá kan ti ṣubú lulẹ̀ lọ́jà Aboabo nítorí pé wọ́n já ikú ọmọ rẹ̀ lù ú lójijì ló ti gba iṣẹ́ náà, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Bó bá kọ́kọ́ lọ, á ní ara onítọ̀hún kò fi bẹ́ẹ̀ le. Bó bá tún padà lọ, á ní àìsàn náà ti wọra o. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni á mú àgbàlagbà méjì dání, wọ́n á jókòó, wọ́n á tó wá là á. Báyìí náà ni wọ́n ṣe túfọ̀ bàbá tèmi fún mi, mi ò sì sọ pé kò dáa. Ṣùgbọ́n òkú Mùsùlùmí kì í dúró de ẹ̀ẹ̀mẹta.

Mo ní, "Alhaji, sójà ni Bàbá Kwaku. Ẹ sáà sọ fún un pé ó ti kú, kó máa gbé fèrè rẹ̀ bọ̀."

"Ojúọlápé, àgbàlagbà ni," ó ní. "Bí àyà rẹ̀ bá já ńkọ́? Ṣé kí n tún lọ fi òkú mìíràn kún èyí tó wà nílẹ̀ ni? Jókòó ti Sàwúdátù. Mo mọ bí mo ṣe máa ṣe é."

Ó lọ. Ẹnu Kwaku fúnra rẹ̀ la ti wá gbọ́ ohun tí wọ́n jọ sọ. Ẹnu ọ̀nà ló bá a, ó ń ká aṣọ tó sá.

"Alhaji, ɛte sɛn?" Kwaku kí i. "Me nua, arákùnrin mi Táhírù ńkọ́?"

"Alhamdulillahi. Ara rẹ̀ kàn ń ṣe é díẹ̀díẹ̀ ni. Ó ní òun fẹ́ rí ọ."

"Ṣé ó le ni?"

"Daabi, rárá! Ó mu kókó láàárọ̀ yìí. Má ṣe kánjú, bí oòrùn bá rọ̀ kó o yà."

Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta kan tí kókó, ìyẹn ògì, kì í dúró nínú Bàbá Táhírù, Kwaku sì mọ̀. Nígbà tó gbọ́ pé ó mu ún, ayọ̀ gbà á lọ́kàn. Ó ní sójà kì í fi irùngbọ̀n lọ kí sójà, ó bọ́ sí ìdí ọjà lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀, ibẹ̀ ló jókòó sí tó ń dúró de oòrùn kó rọ̀. Ó ra ọsàn fún aláìsàn rẹ̀. Fèrè wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nílé, eyín wà nínú ife. Kí ló fẹ́ fi wọ́n ṣe?

Lẹ́yìn ìrun Àílà, Alhaji Bákàrè padà lọ láti jẹ́ iṣẹ́ kejì. Ilẹ̀kùn wà ní títì, Bertha ti lọ sọ́jà. Àwọn ará ilé bi í pé kí ló dé, ẹ sì gbọ́ ohun tí àgbàlagbà yìí sọ. Ó ní kò sí nǹkan kan. Lójú tirẹ̀, a kì í fi ọ̀rọ̀ òkú rán ará ìta. Ó padà wá bá wa, ó ní òun kò bá a nílé. Ṣàkírù ọkọ mi gun kẹ̀kẹ́, ó yí gbogbo Krofrom po, kò gbúròó Kwaku, kò sì sí bó ṣe lè mọ̀ pé inú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ló wà.

Wọ́n ti wẹ òkú, wọ́n ti dì í. A kírun Alásàrí, wọ́n kírun sí i lára. Sàwúdátù kúnlẹ̀ níwájú Lèmọ́mù lójú gbogbo ọkùnrin.

"Ẹ dákun, Alfa. Ẹ jẹ́ ká dúró dè é díẹ̀ sí i. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo tí bàbá mi bẹ̀ yín nìyí."

Ọkàn Lèmọ́mù kò le. Ó dúró díẹ̀, ó ń wojú oòrùn, àwọn èèyàn ń yọ aago wò. Ó wá fà á dìde. "Ọmọ mi, mo gbà pé kó fọn fèrè. Mi ò gbà pé kí òkú dúró de fèrè."

Wọ́n gbé e lọ. Àwa obìnrin kì í lọ síbẹ̀, nítorí náà mo jáde sójú títì. Mo ń wo ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ, mo tún ń wo ọ̀nà Krofrom. Bí wọ́n bá ní kí n ṣépè fún Alhaji Bákàrè níbi tí mo dúró sí yẹn, ǹ bá ṣẹ́ ẹ.

Àwọn ọkùnrin ti padà dé, wọ́n ń fọ ẹsẹ̀, kí Kwaku tó yọ. Ó ti gé irun, ó ti fá irùngbọ̀n, ojú rẹ̀ ń dán, ó gbé àpò ọsàn dání. Ẹnu rẹ̀ rì sínú nítorí kò sí eyín nínú rẹ̀. Alhaji Bákàrè dìde lọ pàdé rẹ̀.

"Kwaku, káàbọ̀. Jókòó ná. Ẹ fún un lómi."

Kwaku kò jókòó. Ó wo àwọn ẹní tí wọ́n tẹ́ sílẹ̀, ó wo ojú Sàwúdátù tó ti wú. "Táhírù wɔ he?" Ó tún bi Alhaji Bákàrè pé, "Táhírù dà?"

"Me nua, jókòó ná."

"Wawu? Ó ti kú?"

Sàwúdátù ló dá a lóhùn. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ti sin ín."

Kwaku rọra gbé ọsàn sílẹ̀. Alhaji Bákàrè ló kọjú sí. "Nígbà tó o wá bá mi láàárọ̀, ṣé ó ti kú?"

"Àyà rẹ ni mo ń rò," ni Alhaji Bákàrè wí.

"Àyà mi? Ní Bọ́mà, wọ́n á pariwo orúkọ ẹni tó kú láti ìdí igi kan dé ìdí òmíràn, mo sì máa dìde gbé fèrè. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé òkú mu kókó."

Alhaji Bákàrè bú sẹ́kún. Títí dòní ni mo ṣì ń bínú sí i, ṣùgbọ́n mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ẹkún náà dénú. Sàwúdátù di Kwaku lọ́wọ́ mú, ó ní kí wọ́n jọ lọ gbé fèrè náà, kí wọ́n lọ sí géètì ibojì nísinsìnyí, ilẹ̀ kò tíì ṣú. Kwaku yọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì jáde lọ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni.

Kò wá síbi fìdáù ọjọ́ kẹjọ. Nígbà tí ogójì ọjọ́ ń bọ̀, Sàwúdátù ní kí n sin òun lọ sí Krofrom, bóyá á gbà láti wá fọn ọ́n lọ́jọ́ náà. A bá a lórí àga, ó ti rù. Sàwúdátù kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé.

"Ọmọ mi, dìde," ó ní. "Ẹni tó wà nínú kòtò là ń fọn ọ́n fún, kó tó di pé wọ́n bò ó. Bí wọ́n bá ti bò ó tán, ariwo ni. Ǹjẹ́ mo lè máa pariwo lórí Táhírù?"

Sàwúdátù ń sunkún. Kwaku wá bi wá pé, "Níbi tí kò ti sí fèrè, kí ni Lèmọ́mù yín sọ lórí rẹ̀? Ṣé ó tilẹ̀ dárúkọ pé sójà ni?"

Sàwúdátù wò mí. Ṣàkírù wà létí kòtò lọ́jọ́ náà, ó sì ti sọ ọ́ fún mi, ṣùgbọ́n mi ò ní ìgboyà láti sọ ọ́ fún ọmọ olóòkú. Mo rò pé kí n purọ́. Ojú Kwaku kò jẹ́ kí n lè purọ́.

"Kò dárúkọ sójà, Bàbá," mo ní. "Ó gbàdúrà fún un dáadáa. Ó ní kí Ọlọ́run ṣàánú àlejò yìí tó kú sílẹ̀ onílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá kú sí ilẹ̀ àjèjì, Ọlọ́run á kà á mọ́ àwọn tó kú sójú ogun."

"Ɔhɔhoɔ?" Kwaku ní. "Àlejò? Táhírù?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí. Gbogbo wọn sì ṣe àmín."

Ó fọwọ́ ti àga, ó dìde, ó wọ yàrá lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé. A dúró díẹ̀ bóyá á jáde. Bertha ló wá bẹ̀ wá pé ká máa lọ.