Ó-Ṣì-Ń-Lọ Kì Í Gba Ẹnu Ọ̀nà Ẹ̀yìn

Nígbà tí Ìyá Búrẹ́dì yí kọ́kọ́rọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé yẹn, mọ́tò náà ò tiẹ̀ wúkọ́. Ó tún un yí. Kẹ́kẹ́ pa.

"Mo ti sọ fún yín, Màámi," ni àkọ́bí rẹ̀ wí látẹnu ilẹ̀kùn. Ó ti wọ kóòtù, bàtà rẹ̀ ń dán bíi dígí. "Ọkọ̀ yìí ti darúgbó. Jíìpù tí mo háyà àti dírẹ́bà rẹ̀ ti wà níta. Ẹ jẹ́ ká máa lọ, ká má baà pẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn àna wa."

Ọjọ́ náà ni Ìyá Búrẹ́dì àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ lọ fojú rinjú pẹ̀lú àwọn òbí ọkùnrin tí àbíkẹ́yìn wọn fẹ́ fẹ́. Adájọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá ọmọkùnrin náà. Àdúgbò àwọn ọlọ́lá ló ń gbé, níbi tí ajá gan-an ti ń gbó pẹ̀lẹ́. Látìgbà tí wọ́n ti dá ọjọ́ ni ara àkọ́bí ò ti balẹ̀ mọ́. Ọ́fíìsì ńlá ló ti ń ṣiṣẹ́, ojú sì ti ń tì í nítorí ọkọ̀ ìyá rẹ̀.

Ká sòótọ́, ọkọ̀ náà kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń rí tí inú rẹ̀ ń dùn. Tòkunbọ̀ ni nígbà tí wọ́n rà á, àkọ́bí ò sì tíì mọ̀ ọ́n rìn nígbà náà. Búlúù ni tẹ́lẹ̀. Oòrùn ti bó o lórí bí àgbàlagbà tó pá. Òórùn búrẹ́dì tí wọ́n ń fi í kó lọ tà ti wọ inú àwọn àga rẹ̀ débi pé bí oòrùn bá mú, ebi á bẹ̀rẹ̀ sí í pa ẹni tó bá jókòó síbẹ̀. Ọkọ Ìyá Búrẹ́dì ló sọ ọ́ ní Ó-Ṣì-Ń-Lọ, torí ìdáhùn rẹ̀ nìyẹn fún gbogbo ẹni tó bá bi í pé ṣé mọ́tò yìí ò tíì kú. Òun ló ń wà á tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí dókítà ní kó fi sítíárín sílẹ̀, ó gbé kọ́kọ́rọ́ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, ó bọ́ sí àga ẹ̀gbẹ́. Láti ọjọ́ náà, etí ló fi ń wakọ̀.

Bó ṣe jókòó síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yìí náà, ó ní: "Ìyá Búrẹ́dì, ẹ́ńjìnì kọ́ nìyẹn o. Bó bá jẹ́ ẹ́ńjìnì ni, á kùn. Èyí ò tiẹ̀ sọ̀rọ̀ rárá. Lọ wo bátìrì."

Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ti tú wáyà kúrò lórí bátìrì, ó sì rọra tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tí kò fẹ́ kó bàjẹ́. Ìyá Búrẹ́dì gbójú sókè, ó wo ọwọ́ àkọ́bí rẹ̀. Girísì dúdú wà lábẹ́ èékánná rẹ̀.

"Ìwọ ni?"

Ọmọ náà tẹ orí ba. "Màámi, ire yín ni mò ń wá. Ilé adájọ́ là ń lọ. Kí ni wọ́n máa sọ bí wọ́n bá rí wa nínú..." Ó na ọwọ́ sí mọ́tò, kò rí orúkọ pè é.

"Parí ẹ̀! Nínú kí ni?" Inú Ìyá Búrẹ́dì ń ru bí ìyẹ̀fun tí ìwúkàrà pọ̀ jù nínú ẹ̀. "Òun ló gbé ọ lọ sílé ìwé títí o fi gboyè. Ìgbà tí o ń bì sí i lára láàárọ̀, ṣé ó sọ pé ojú ń ti òun?"

Ó ká apá aṣọ àlejò rẹ̀ sókè, ó mú sípánà nínú búùtù, ó dá wáyà padà, ó fún un pinpin. Nígbà tó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ́ńjìnì bú ramúramù, ó gbọn ara, ó dúró sórí ohùn rẹ̀. Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Búrẹ́dì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ àkísà.

"Máa gbé jíìpù rẹ tẹ̀ lé wa," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. "Ìwọ lo háyà ẹ̀, ìwọ ni kó o jókòó sínú ẹ̀."

Báyìí ni wọ́n ṣe lọ. Ó-Ṣì-Ń-Lọ wà níwájú, ó ń tú èéfín. Jíìpù ń rákò tẹ̀ lé e, àkọ́bí nìkan ló wà lẹ́yìn dírẹ́bà. Nígbà tí wọ́n dé ilé adájọ́, olùṣọ́ géètì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú fèrèsé, ó fa òórùn búrẹ́dì símú.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbé búrẹ́dì wá, ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lẹ máa gbà."

"A ò gbé búrẹ́dì wá. Àwa la bí ọmọ tí ọmọ ọ̀gá yín fẹ́ fẹ́."

Ọkùnrin náà ṣì ń wò wọ́n tìyanu-tìyanu nígbà tí jíìpù dúró lẹ́yìn wọn. Ó nà ró ṣánṣán, ó sáré lọ ṣí géètì gbayawu, ó sì ń juwọ́ sí Ìyá Búrẹ́dì pé kó yà fún àlejò.

Ìyá Búrẹ́dì wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀, ó dúró sí àárín géètì gan-an. Ó pa ẹ́ńjìnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó jù ú sínú àpò. Ó wá gbé ọwọ́ lé fèrè, kò sì gbé e kúrò.

Adájọ́ fúnra rẹ̀ ló jáde wá, ó rọra ń rìn, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àna wa. Ẹ má bínú sí olùṣọ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín gbé ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níta, igi wà níbẹ̀, ibòji dáa. Ayàwòrán ń bọ̀ wá ya gbogbo wa níwájú ilé ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ẹ̀gún ló wà nínú ẹ̀.

"Ẹ ṣeun, sà. Jíìpù ńkọ́? Ṣé ìta lòun náà máa wà?"

Adájọ́ wúkọ́.

"Bí ọkọ̀ mi ò bá tó wọlé, èmi náà ò tó o. Ẹ má ṣe ìyọnu. Ẹ bá wa gbé àga wá síbí, ká sọ ọ̀rọ̀ tó gbé wa wá."

Àkọ́bí ti sáré dé. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ń ba ọ̀rọ̀ àbúrò mi jẹ́!"

Gbólóhùn yẹn wọ ìyá rẹ̀ lákínyẹmí ara. Ó gbójú le koko. Bí ìgbéyàwó bá tìtorí èyí fọ́ ńkọ́? Ta ni ọmọ máa dá lẹ́bi? Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀, bóyá á ní kó gbà. Bàbá gbé orí lé àga, ó pa ojú dé.

"Èmi ò rí géètì wọn o," ló wí. "Ìwọ bá mi wò ó. Ṣé ó tó nǹkan tí èèyàn ń torí ẹ̀ bẹ̀bẹ̀?"

Bí àbíkẹ́yìn ṣe jáde nínú ilé nìyẹn. Àná ló ti wá bá wọn tún ilé ṣe, ó ṣì so aṣọ ìdáná mọ́ra. Ó wo ìyá rẹ̀, ó wo adájọ́, kò béèrè ohunkóhun. Ó ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó jókòó sínú ọkọ̀.

"Bàbá, ẹ forí jì mí," ló sọ fún adájọ́. "Inú ọkọ̀ yìí ni wọ́n bí mi sí. Òjò ń rọ̀, ilé ìwòsàn jìnnà, mi ò sì ní sùúrù. Orí àga tí mo jókòó lé yìí ni. Bí ọkọ̀ yìí bá jẹ́ ti ìta, ọmọ ìta lèmi náà nìyẹn."

Ìyàwó adájọ́ tó ti ń wò wọ́n láti ẹnu ilẹ̀kùn ló gbéra. Obìnrin náà yí ọkọ̀ ká, ó ṣí ilẹ̀kùn kejì, ó wọlé ti ọmọbìnrin náà.

"Sún fún mi, ìyàwó mi." Ó yọ orí lójú fèrèsé sí ọkọ rẹ̀. "Adájọ́, ìwọ lo jẹ̀bi. Alùpùpù tí ò ní bíréèkì lo fi ń wá mi wá sílé bàbá mi. Ẹsẹ̀ lo fi ń dá a dúró! Ṣé wọ́n ní kó o gbé e síta?" Ó wá fọwọ́ kan Ìyá Búrẹ́dì léjìká. "Àna mi, ẹ wà wá wọlé. Oòrùn ń pa mí."

Adájọ́ ò rẹ́rìn-ín. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìyá Búrẹ́dì wa Ó-Ṣì-Ń-Lọ gba iwájú rẹ̀ kọjá, ó gbé e sí ojú ilé gan-an, níbi tí ayàwòrán ò ti lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Wọ́n sọ̀rọ̀, wọ́n jẹun, wọ́n fẹnu kò lórí ìgbéyàwó náà. Nígbà tí wọ́n ń lọ, adájọ́ bá ọkọ Ìyá Búrẹ́dì ṣílẹ̀kùn ọkọ̀, ó sì fọwọ́ dì í mú títí ó fi jókòó dáadáa.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àkọ́bí wá bá ìyá rẹ̀ nídìí ààrò. Ó dúró, ó ń fọwọ́ ra ọwọ́.

"Màámi, ẹ má bínú. Mo fẹ́ ra ọkọ̀ tuntun fún yín."

"Inú ń bí mi o," ni Ìyá Búrẹ́dì wí, kò dẹ́kun pípo ìyẹ̀fun. "Á sì máa bí mi fún ìgbà díẹ̀ sí i. Ọkọ̀ tuntun, ra tìrẹ. Èmi ní tèmi." Ó bu búrẹ́dì gbígbóná kan, ó na ìdajì sí i. "Gbà, jẹun. Tó o bá ti jẹ ẹ́ tán, mú garawa, kó o bá mi lọ fọ táyà."