Ibi Tí Ohùn Bàbá Gbà Jáde

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá mọ ọkọ mi, ẹ ti mọ̀ pé tí òyìnbó inú fóònù bá ní kó fi àdí para, á fi para. Lọ́tẹ̀ yìí, áńpílífáyà ló fẹ́ rà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Òyìnbó kan wà lórí Yútúùbù tó jẹ́ pé iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn: wọ́n á gbé áńpílífáyà wá fún un, á dijú, á gbọ́ ọ, á wá sọ èyí tó dáa. Ó ní ọ̀kan báyìí ò lẹ́gbẹ́. Ó ní téèyàn márùn-ún bá ń kọrin nínú ẹ̀, wàá gbọ́ ẹnu kálukú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Mo ní, "Bàbá Fawziyyah, ṣé òyìnbó yẹn ti dé Ailegun tá à ń gbé yìí rí?"

Ó ní, "Ìwọ ṣá máa ta gààrí ẹ."

Kì í ṣe fàájì lásán ló ń lé o. Bàbá ẹ̀ tó wà ní Ìsẹ́yìn ti ń sọ ọ́, kí n tó wọlé wọn pàápàá, pé àwọn wà lára àwọn tó ń gbe orin nínú àwo àpàlà kan nígbà èwe àwọn. Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́. Àwòrán wọn ò sí lára páálí àwo, orúkọ wọn ò sí níbẹ̀. Àǹtí Ìsíátù, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ló wá burú jù. Bàbá ò ní tíì la ẹnu tán tí wọ́n á fi ní, "Bàbá olórin, ẹ rọra o!" Ó ti ń dun Bàbá. Ni wọ́n bá gbé kásẹ́ẹ̀tì orin náà wá sílé wa. Wọ́n ní tá ò bá gbọ́ ohùn àwọn lọ́tẹ̀ yìí, àwọn ò ní sọ ọ́ mọ́ láyé.

Èmi àti ọkọ mi bá gba Òṣòdì lọ, sọ́dọ̀ Abdulhafeez tó ń ta ẹ̀rọ tòkunbọ̀. Orin tí òyìnbó fi dán tiẹ̀ wò ni ọkọ mi gbé lọ, obìnrin kan àti dùrù. Abdulhafeez to sípíkà méjì, ó gbé àga sáàárín. Ọkọ mi jókòó, ó dijú bíi ti òyìnbó. Mi ò ní purọ́, a tiẹ̀ ń gbọ́ bí obìnrin yẹn ṣe ń mí.

A ra òun àti sípíkà méjèèjì, a gbé wọn délé. Yàrá kan la ní, ṣọ́ọ̀bù mi wà níwájú ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ mọ bá a ṣe ń ṣe é ládùúgbò wa: sípíkà kan á wà nínú ilé, èkejì á wà níta, kí oníbàárà lè mọ̀ pé ọjà ti yá. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe é.

Bàbá dé fìlà, wọ́n jókòó. Àǹtí Ìsíátù náà ti dé, wọ́n káwọ́ sáyà. Orin bẹ̀rẹ̀, agídìgbo ń dún, àwọn elégbè ń gbè é.

Bàbá ní, "Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀... èmi nìyẹn!"

"Níbo, Bàbá?"

"Ó ti kọjá."

A tún un lù. Bàbá na ìka sókè níbi tó yẹ kí wọ́n ti wọlé. Ìka wà lókè, ohùn ò wá.

Àǹtí Ìsíátù ní, "Àbí mọ́tò ló fi yín sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ká orin náà ni?"

Bàbá ṣí fìlà. Wọ́n gbé e lé orókún. Àánú wọn ṣe mí gan-an.

Mo kọjú sí ọkọ mi. "Òyìnbó ẹ ti purọ́ fún ẹ!"

Kó tó dáhùn, Táyọ̀ tó ń lẹ táyà lódìkejì títì ti ń pariwo níta. "Ìyá Fawziyyah! Ọkọ yín ti di olórin? Ohùn wọn ló ń jáde nínú sípíkà yìí!"

"Ọkọ mi rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi o!"

"Ta wá ni eléyìí? Bí wọ́n ṣe ń kọrin tí wọ́n bá ń wẹ̀ láàárọ̀ nìyí!"

Gbogbo wa sáré jáde, Bàbá ò wọ bàtà. Lóòótọ́ ni o! Ohùn kan ń ti imú jáde, ohùn ọkọ mi gẹ́lẹ́, ó ń gbe orin. Mo sáré padà wọlé, kò sí níbẹ̀. Mo tún jáde, òun rèé.

Ọkọ mi gbá orí mú. Àṣé àwọn tó ká orin náà fi àwọn elégbè kan sápá ọ̀tún, wọ́n fi àwọn yòókù sápá òsì. A wá fi ìdajì orin sílé, a gbé ìdajì tí ohùn Bàbá wà fún àdúgbò.

Òyìnbó ò purọ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ẹnu kálukú wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bó ṣe wí. Ṣùgbọ́n nílé tiẹ̀, sípíkà méjèèjì ló wà níwájú ẹ̀, òun nìkan ló jókòó sáàárín. Ibo ló ti fẹ́ mọ̀ pé ẹnì kan á gbé ọ̀kan ti àpò gààrí? Mo gbà á gbọ́ dé ẹnu ilẹ̀kùn pálọ̀ ẹ̀. Tó bá ti kúrò níbẹ̀, kí kálukú fi etí ara ẹ̀ gbọ́ ọ.

Ọkọ mi fẹ́ gbé sípíkà wọlé, kó lè to méjèèjì pọ̀. Bàbá di ọwọ́ ẹ̀ mú.

"Mùnírù, fi í síbẹ̀."

Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì mi, wọ́n dé fìlà padà. Àǹtí Ìsíátù kúnlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi."

Bàbá ní, "Èmi ò bínú. Lọ pe onítáyà yẹn wá, kó wá tún ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn sọ níwájú ẹ."