Ẹ̀rọ Méjì àti Àgbàdo Olóògùn

Mushin ni bàbá mi ti ń ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbin àgbàdo, àdúgbò tí èèyàn ò ti lè rí ilẹ̀ gbin ata mẹ́ta sí. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ò ṣòro. Wẹ́dà ni, àgbẹ̀ kan gbé ẹ̀rọ òyìnbó tó ti bàjẹ́ wá pé kó bá òun jó o, ó tú u wò, ó sì rọ irú ẹ̀. Ọdún kẹtàdínlógójì rèé. Àlàájì Ṣàfíù lorúkọ rẹ̀. Èmi Bàlíkísù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ni mo ń jó irin báyìí nítorí ojú ti ń dùn ún. Òun á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á máa fi ẹnu ṣiṣẹ́.

Ẹ̀rọ náà ò ní wàhálà nínú. Agolo ńlá kan wà lórí rẹ̀ tí wọ́n ń da àgbàdo sí, pléètì irin roboto kan sì wà nísàlẹ̀ agolo náà, tí ihò yí etí rẹ̀ ká. Bí èèyàn bá ń tì í lọ, táyà á máa yí pléètì, ihò kọ̀ọ̀kan á gbé àgbàdo kan, á sì jù ú sílẹ̀. Kò ní bátìrì, kò ní wáyà. Bó bá jábọ́ látorí ọkọ̀, ẹ gbé e dìde, ẹ máa tì í lọ.

Oṣù kejì ọdún yìí ni Nọ́ọ̀sì Lydia wá bá wa. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, Ìdí-Àràbà ló ń gbé, àmọ́ ó ní oko àgbàdo lẹ́yìn Ṣágámù. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń lo ẹ̀rọ wa.

"Àlàájì, ẹgbẹ́ àgbẹ̀ wa fẹ́ ra ẹ̀rọ mẹ́fà kí òjò tó dé," ló wí. "Èmi ni wọ́n ní kí n yàn án. Mi ò ní tàn yín o. Ọmọ kan wà ní Yábàá tó ń ṣe èyí tuntun, fóònù ni wọ́n fi ń darí ẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ jọ dán méjèèjì wò lójú mi."

Bàbá mi ní kò burú. Èmi ni àyà mi já. Láti bí ọdún méjì, géètì àti irin fèrèsé ni mo ń jó. Bàbá sì ti sọ pé bí òjò ọdún yìí bá tún kọjá lọ láìsí ẹni tó bèèrè ẹ̀rọ, òun ò rọ ọ́ mọ́. Mo mọ bàbá mi. Ọjọ́ tí kò bá rọ ẹ̀rọ mọ́, inú yàrá ni yóò máa sùn láti àárọ̀ di alẹ́. Ẹ̀rọ mẹ́fà yẹn ni mo ń gbàdúrà lé lórí.

Ọmọ Yábàá náà, Olúwajùwọ́n lorúkọ rẹ̀, fi kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé tirẹ̀ wá ní ọjọ́ Sátidé. Bàtà funfun ló wọ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà, mo kàn wò ó lásán ni. Ẹ̀rọ rẹ̀ rẹwà, mi ò lè parọ́. Ó fúyẹ́, ó ń dán, bátìrì ló ń yí i. Nínú ọ̀pá tí àgbàdo ń gbà já bọ́, ó fi ojú kékeré kan sí i tó ń ka àgbàdo lọ́kọ̀ọ̀kan, iye rẹ̀ á sì máa jáde lórí fóònù.

"Daddy, bí ẹyọ kan bá miss, òun fúnra ẹ̀ máa sáré fi òmíràn dí i," ló sọ fún bàbá mi.

"Ọmọ dáadáa," ni bàbá mi fèsì.

Bí a ṣe ń dán ẹ̀rọ wò ni pé a máa ń tẹ́ ọ̀rá dúdú gígùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù, a ó fi gíríìsì pa á, a ó wá ti ẹ̀rọ gba orí rẹ̀. Ibi tí àgbàdo bá bọ́ sí náà ló máa lẹ̀ mọ́, a ó sì fi téèpù wọ̀n ọ́n. Mo da àgbàdo tí mo rà ní ọjà Òjúwòyè sínú méjèèjì. Nínú ọgọ́rùn-ún, tiwa fo mẹ́ta. Ti Olúwajùwọ́n ò fo ẹyọ kan, ó sì yára ju tiwa lọ. Nọ́ọ̀sì Lydia ń mi orí. Inú mi bàjẹ́ gidigidi.

Ìgbà yẹn ni mo bi ọmọ náà pé àgbàdo wo ló fi ń dán an wò ní Yábàá.

"Àgbàdo gúgúrú ni, Àǹtí. Àgbàdo olóògùn ti wọ́n jù. Same thing sha ni."

Ọ̀rọ̀ yẹn mú mi lọ́kàn. Àgbàdo olóògùn ni èyí tí àwọn àgbẹ̀ ń rà láti gbìn nísinsìnyí, tí wọ́n ti fi oògùn pupa pa lára kí kòkòrò má bà á jẹ́. Àwa náà ò fi dán ẹ̀rọ wò rí. Òfin bàbá mi ni pé àgbàdo gbígbìn kì í bọ́ sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀bù. Bàbá tó bí i ló kọ́ ọ pé ẹni tó bá da irúgbìn sílẹ̀ tí kò bò ó mọ́lẹ̀, ó ti rí i fín. Látọjọ́ tí mo ti dáyé, àgbàdo jíjẹ là ń lò.

Mo bi Nọ́ọ̀sì bóyá ó ní díẹ̀. Ó ní àpò kan wà nínú mọ́tò òun.

"Bàlíkísù, a kì í ṣe bẹ́ẹ̀," ni bàbá mi wí.

"Ẹ má bínú, Bàbá." Mo ti gbé àpò náà wá, mo ń já a. Mi ò ta kò ó lójú àlejò rí.

Ti Olúwajùwọ́n la kọ́kọ́ tì. Kò tíì rìn ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ tí ẹ̀tù pupa ara àgbàdo fi bo ojú kékeré tó ń kà á náà. Ẹ̀rọ rò pé nǹkan kan ò já bọ́ mọ́, ló bá ń yí kíákíá, ó ń da àgbàdo sílẹ̀ bí ẹni ń bọ́ adìyẹ. Fóònù ń ké, ọmọ náà ń sáré tẹ̀ lé e. Mo rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run foríjì mí.

A wá ti tiwa. Kò kọsẹ̀, kò dúró, kò fo ibì kankan. Àmọ́ méjì méjì ló ń jù sílẹ̀, nígbà míì mẹ́ta. Àgbàdo ayé ìsinsìnyí kéré, ó sì ń yọ̀. Inú ihò tí bàbá mi ti wọ̀n láti ọjọ́ yìí wá, méjì ń gbà níbẹ̀ dáadáa. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rá dé òpin rẹ̀, àṣìṣe kan náà ni ẹ̀rọ wa ṣe.

Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ìka kà á nínú gíríìsì. Ó pẹ́ kó tó nàró.

"Nọ́ọ̀sì, ṣé bó ṣe ń ṣe lóko yín nìyí?"

"Ọdún karùn-ún rèé, Àlàájì, látìgbà tí a ti ń ra olóògùn. Mo máa ń gba lébìrà mẹ́ta kí wọ́n fa èyí tó pọ̀jù tu."

"Ẹ ò sọ fún mi."

"Bí inú yín ṣe máa ń dùn tí ẹ bá ń bi mí nípa ẹ̀rọ yẹn, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́?"

Ojú tì mí dé inú egungun.

Ọjọ́ mẹ́ta la fi ṣe pléètì tuntun. Èmi ń lu ihò, bàbá mi ń fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n pẹ̀lú àgbàdo pupa, títí ó fi ń gbé e ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì rí i, inú rẹ̀ dùn. Ó ní kí a máa rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, òjò ti ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bàbá mi ní rárá.

"Àwọn mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo ní nọ́ńbà wọn tí pléètì àtijọ́ wà lọ́wọ́ wọn. Kí òjò tó dé ni mo ní láti pààrọ̀ ẹ̀ fún wọn. Ọwọ́ Bàlíkísù ò lè ṣe méjèèjì. Mi ò lè máa ta tuntun, kí ti àtijọ́ máa fi àgbàdo ẹni ẹlẹ́ni ṣòfò."

Mo bínú. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí bàbá ẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Olúwajùwọ́n ti fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ṣe ohun tó ń nu ojú ẹ̀rọ rẹ̀ bó ṣe ń lọ, ó fi olóògùn dán an wò lójú Nọ́ọ̀sì, ó sì ṣe dáadáa. Òun ló gba iṣẹ́ mẹ́fà náà. Mi ò lè jẹun lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá mi ní kí n mú ìwé nọ́ńbà wá, kí n máa tẹ̀ ẹ́ fún òun. Obìnrin kan ní Ìkirè la kọ́kọ́ pè, ó dúpẹ́, ó ní òun ń bọ̀. Quadri ní Ìsẹ́yìn la pè tẹ̀ lé e. Bàbá mi ṣàlàyé fún un pé pléètì ẹ̀rọ náà ò bá àgbàdo ìsinsìnyí mu mọ́, ẹ̀bi òun ni, kó gbé e wá.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi," ni Quadri wí. "Mo ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù láti ìdúnta. Àgbàdo ló ń fi ṣòfò. Mo rò ó pé bí mo bá gbé e padà wá, yóò dùn yín."

Bàbá mi bèèrè ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ní kó wá gba òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́ tí àyè bá yọ. Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó gbé fóònù fún mi.

"Ta ló kàn?"

Mi ò rí ìwé náà kà dáadáa, omi ti kún ojú mi. Mo ní Olúdayọ̀ ni, ará Ìlárá.

"Pè é," ni ó wí.